Páálí Mẹ́ta ní Òkè-Ẹlẹ́rin

Páálí mẹ́ta ni wọ́n já sílẹ̀ fún wa nínú ọyẹ́,
ní Ọjọ́rú tí àwọn ọmọ ń gbálẹ̀ abẹ́ kajú.
Awakọ̀ ò pa ẹ́ńjìnnì.
Ó ní kí n buwọ́ lùwé. Mo buwọ́ lù ú. Ó lọ.
Lára páálí, lẹ́tà pupa gàdàgbà:
Ọ̀FẸ́ NI. ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ TÀ Á.

Ẹ̀rù ọ̀fẹ́ máa ń bà wá nílé ẹ̀kọ́ wa.
Ọ̀fẹ́ àkọ́kọ́ ni ṣọ́ọ̀kì tí kì í kọ,
èyí tó tẹ̀lé e ni àga
tó ń fẹsẹ̀ kan dúró bí àkùkọ inú òjò.
Ọ̀gá Oyèédélé la páálí kan,
ó gbóòórùn ìwé bí ẹni ń yẹ ẹja wò,
ó ní, "Èyí mọ́ jù. Wọ́n á dọ̀tí ẹ̀."
Ó kó gbogbo rẹ̀ sí kọ́bọ́ọ̀dù,
ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ bẹ́líìtì.

Mo ti jí méjì.
Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.
Báwo lèèyàn ṣe ń jí ohun tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ?

Ọmọ mọ́kàndínláàádọ́ta, ìwé méjì.
Mò ń kà sókè, wọ́n ń na ọrùn bí ọmọ ẹyẹ.
Nígbà tí ewúrẹ́ wọ ilé ìfìwéránṣẹ́
tó jẹ lẹ́tà àwọn afọbajẹ,
Kúdírá rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ lórí bẹ́ǹṣì.

Ìwé kejì ò pani lẹ́rìn-ín.
Ó ní ohun tó jẹ́ tìlú, tèmi tìrẹ ni.
Ó ní ẹ̀tọ́ àti ojúṣe,
bàtà ọ̀tún ni àti bàtà òsì.
Mo ya àpótí ìbò sójú pátákó.
Ládúntán, tó máa ń sùn lọ́wọ́ ọ̀sán, nawọ́:
"Tíṣà, ibo ni ìbò wà?
Ta ló dìbò pé kí ìwé wọ kọ́bọ́ọ̀dù?"

Kajú kan já lu páànù òrùlé.
Mo ní a ó dáhùn lọ́la.
Irọ́ ni. N kò ní ìdáhùn kankan.

Kí n tó dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti dìbò
sínú agolo mílíìkì:
kí ìwé jáde, kóró kajú;
kí ó jókòó, òkúta.
Kóró mẹ́tàdínláàádọ́ta. Òkúta kan.
Ibà ń ṣe ọmọ kan nílé.
Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ju òkúta. Mo kọ̀.
Ojú ewé kọkànlá: ìbò ẹni, àṣírí ẹni.

Kúdírá gbé agolo lọ sí ọ́fíìsì.
Ọ̀gá ka kóró sórí tábìlì, ó tún un kà,
ó bọ́ awò ojú rẹ̀:
"Ta ló kọ́ yín ní irú èyí?"
"Ìwé ni, sà," ni Ládúntán wí.
Gbogbo ojú yí sí mi.
Èmi ń wo bàtà mi.

Kọ́kọ́rọ́ ò ṣí i lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́ fún yín.
Ọjọ́ Ẹtì ni, lẹ́yìn ìpàdé àwọn òbí,
páálí kan péré.
Méjì ṣì ń bẹ nínú òkùnkùn.

Ìwé ewúrẹ́ ò lẹ́yìn mọ́ báyìí.
Òróró àkàrà ti ya máàpù sójú ewé kẹsàn-án,
omi kajú ta sí òmíràn, kò sì ní lọ láéláé.
Ọ̀gá rí i: "Ṣé ẹ rí i? Mo sọ ọ́!"
Bẹ́ẹ̀ ni, sà.
Ìwé tí èwe ń kà, bó ṣe ń rí nìyẹn.

Òkúta yẹn wà lórí tábìlì mi.
Òun ni mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀
nígbà tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá gba ojú fèrèsé wọlé.
N kò tíì bèèrè ẹni tó ni ín.